Kòkòrò ìfun tó ń lọ tó ń bọ̀: ṣé lóòótọ́ ni abẹ́rẹ́ tó ń dènà rẹ̀ ò sí mọ́?

ÌBÉÈRÈ

Ẹ̀gbọ́n nọ́ọ̀sì, ẹ kú iṣẹ́ o. Houston ni mo wà. Màmá mi, ẹni ọdún 73, wá kí wa láti Ìbàdàn. Eyín ló kọ́kọ́ ń dùn wọ́n, oníṣègùn eyín fún wọn ní clindamycin, áńtíbáyọ́tíkì kan. Kò pé ọ̀sẹ̀ kan tí wọ́n lò ó tán tí ìgbẹ́ gbuuru fi bẹ̀rẹ̀. Wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò, wọ́n ní C. diff ni, kòkòrò kan tó ń ba ìfun jẹ́. Wọ́n fún wọn ní oògùn, ó lọ. Ọjọ́ méjìlá lẹ́yìn náà, ó padà. Wọ́n tún tọ́jú ẹ̀, ó tún lọ, ó sì tún ti dé báyìí. Ẹlẹ́ẹ̀kẹta rèé. Mo kà á pé abẹ́rẹ́ áńtíbọ́dì kan wà tí kì í jẹ́ kó padà, Zinplava lorúkọ ẹ̀. Dókítà ní kò sí mọ́. Àǹtí mi ní irọ́ ni, pé torí a jẹ́ àlejò ni wọ́n ṣe ń fi í pamọ́ fún wa. Èwo ni ká gbà gbọ́? Màmá ò lè lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì mọ́, wọn ò lè jìnnà sí tọ́ílẹ́ẹ̀tì.

* * *

Àbúrò, pẹ̀lẹ́ o, bá mi kí màmá. Dókítà yín ò parọ́. Zinplava ni orúkọ ọjà rẹ̀, bezlotoxumab ni orúkọ oògùn gan-an. Ìjọba Amẹ́ríkà fọwọ́ sí i ní oṣù kẹwàá ọdún 2016. Merck tó ń ṣe é dáwọ́ rẹ̀ dúró ní ọjọ́ 31 oṣù kìíní ọdún 2025. Kì í ṣe pé wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ rí ewu kan nínú rẹ̀, ìpinnu òwò ni. Olówó ò rí i rà mọ́, tálákà ò rí i rà. Tí ẹnikẹ́ni bá sọ fún yín lórí WhatsApp pé òun ní i lọ́wọ́, ẹ má dá a lóhùn.

Ó dùn mí láti kọ ọ́ báyìí, torí mo rí ohun tó ṣe. Àbúrò ìyá mi tó wà ní Maryland gbà á lọ́dún 2018. Kí wọ́n tó gbà á, kàlẹ́ńdà ṣọ́ọ̀ṣì kan wà lára ògiri lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilẹ̀kùn tọ́ílẹ́ẹ̀tì wọn, wọ́n fi òwú so báírò mọ́ ọn. Gbogbo ìgbà tí wọ́n bá ti jáde ni wọ́n ń fa ìlà kan sí ojú ọjọ́ náà. Mo débẹ̀ ní Sátidé kan. Kó tó di agogo méjìlá ọ̀sán, ìlà mọ́kànlá ti wà níbẹ̀. Wọ́n ti rù débi pé píìnì ni wọ́n fi há ìró wọn ní ìbàdí kó má baà já bọ́. Ìgbà tí wọ́n ṣì ń lo vancomycin, áńtíbáyọ́tíkì tó ń pa C. diff, lọ́wọ́ ni wọ́n fa abẹ́rẹ́ náà sí wọn nínú iṣan, bíi dírípù, lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Wákàtí kan ló gbà. Àìsàn yẹn ò padà mọ́.

Mo mọ̀ pé ara ẹnì kan ò tó ká fi ṣe ẹ̀rí. Ẹ̀rí ń bọ̀ nísàlẹ̀.

* * *

Ẹnì kan ti fèsì pé: "Abẹ́rẹ́ tí kì í pa kòkòrò, kí ni wọ́n ń gùn ún fún?" Ó pọ̀ àwọn tó ń rò bẹ́ẹ̀, kódà láàárín àwa tá a wà nídìí iṣẹ́ yìí. Ẹ jẹ́ kí n dúró díẹ̀ níbí, torí ibẹ̀ gan-an ni ọ̀rọ̀ wà.

Májèlé tí C. diff ń tú sílẹ̀ ló ń bó ìfun ńlá. Oríṣi méjì ni májèlé náà, wọ́n ń pè wọ́n ní A àti B. Ara wa náà máa ń rọ sójà láti dojú kọ májèlé yìí, àwọn sójà yẹn là ń pè ní áńtíbọ́dì. Ìwádìí kan tó jáde nínú ìwé ìròyìn Lancet lọ́dún 2001 fi hàn pé aláìsàn tí sójà tó ń kojú májèlé A bá pọ̀ nínú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ kì í sábà rí i kí àìsàn náà padà. Ìyẹn ló jẹ́ kí wọ́n ronú pé: tí ara àgbàlagbà ò bá lè rọ sójà tó tó, kí ló dé tá ò rọ ọ́ fún un níta ká wá dà á sí i nínú iṣan?

Wọ́n ṣe sójà méjì, ọ̀kan fún A, ọ̀kan fún B. Wọ́n wá dán wọn wò lára àgbàlagbà 2,655 nínú ìwádìí méjì tí àbájáde wọn jáde ní ọdún 2017. Ohun tó ṣẹlẹ̀ ya ọ̀pọ̀ lẹ́nu: èyí tó ń kojú A ò ṣe nǹkan kan. Èyí tó ń kojú B, tí í ṣe bezlotoxumab, ló ṣiṣẹ́. Nínú ọgọ́rùn-ún aláìsàn tí kò gbà á, àìsàn náà padà sára bíi 27 láàárín ọ̀sẹ̀ méjìlá. Nínú ọgọ́rùn-ún tó gbà á, bíi 17.

Májèlé B ni ó máa ń dì mọ́, tí kò fi ní lè wọ inú ara ìfun. Ejò tí wọ́n di lẹ́nu ni kẹ́ ẹ fi wé: ejò ṣì wà nínú ilé, kò kàn lè bu èèyàn jẹ ni. Ìdí nìyẹn tí wọn kì í fi í fúnni ní òun nìkan. Áńtíbáyọ́tíkì ló ń pa kòkòrò, òun sì ń ṣọ́ ìfun fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan títí àwọn kòkòrò rere inú ikùn fi máa hù padà. Nítorí wàhálà C. diff ò ju èyí lọ: áńtíbáyọ́tíkì tó kọ́kọ́ wọlé ti jó gbogbo oko náà, èpò ló sì máa ń yára hù lórí ilẹ̀ tó ti jó.

Nítorí náà, ẹ̀yin tẹ́ ẹ ní kò wúlò, mi ò gbà. Èèyàn mẹ́wàá nínú ọgọ́rùn-ún tí kò ní padà sórí bẹ́ẹ̀dì, ó tó nǹkan.

* * *

Ẹ̀gbọ́n kan láti Atlanta ní mo ń yin oògùn náà jù, pé mi ò sọ ewu rẹ̀. Òótọ́ lẹ sọ, ẹ ṣeun. Ọkàn ni ewu náà wà. Nínú ìwádìí méjèèjì yẹn, ẹni 118 tí ọkàn wọn ti rẹ̀ tẹ́lẹ̀ gba abẹ́rẹ́ náà. Ọkàn 15 nínú wọn tún dá iṣẹ́ sílẹ̀ fún wọn, 23 sì kú. Àwọn 104 tí wọ́n jọ ní irú àìsàn ọkàn kan náà ṣùgbọ́n tí wọn ò gbà á: 5 ni ọkàn dà láàmú, 13 ló kú. Kò sẹ́ni tó lè fọwọ́ sọ̀yà pé abẹ́rẹ́ ló fà á, ṣùgbọ́n wọ́n kọ ìkìlọ̀ yẹn sára ìwé rẹ̀, dókítà tó bá mọṣẹ́ kì í sì í kù gìrì fi í fún ẹni tí ọkàn rẹ̀ ò dá.

Àbúrò Houston, o ò sọ fún wa bóyá màmá ní ẹ̀jẹ̀ ríru. Ṣé ẹsẹ̀ wọn máa ń wú? Ṣé ìrọ̀rí méjì mẹ́ta ni wọ́n ń lò kí wọ́n tó lè sùn? Má fi èyí pamọ́ fún dókítà o, nítorí omi tí wọ́n máa fà sí wọn lára tí wọ́n bá gbẹ, bí ọkàn bá ṣe rí ni wọ́n máa fi wọ̀n ọ́n.

* * *

Àwọn ará London ti ń bú NHS, ètò ìlera ìjọba wọn, nísàlẹ̀ níbí lórí abẹ́rẹ́ yìí, ẹ jẹ́ ká sọ ọ́ bó ṣe rí. Lọ́dún 2021, NICE, àjọ tó ń sọ fún wọn oògùn tó yẹ kí wọ́n náwó lé, ní kí wọ́n má fi bezlotoxumab dènà ìpadàbọ̀ C. diff, torí àǹfààní rẹ̀ ò tó owó rẹ̀. Lọ́dún yẹn kan náà, àwọn àgbà dókítà Amẹ́ríkà ní kí wọ́n lò ó fún ẹni tó bá tún padà sí lára láàárín oṣù mẹ́fà. Ìwádìí kan náà ni àwọn méjèèjì kà.

Èmi ò sí lẹ́yìn ìpinnu NICE, ti Ìlú Gẹ̀ẹ́sì tí mo ti ń ṣiṣẹ́ yìí. Lóòótọ́ owó rẹ̀ wọ́n: ìgò kan tó nǹkan bíi $3,800 ní Amẹ́ríkà nígbà tó ṣì wà. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá ti fọ ara ìyá arúgbó rí ní ẹ̀ẹ̀kẹjọ láàárín òru kan, tí awọ ìdí rẹ̀ ti bó, tí ó ń tọrọ àforíjì lọ́wọ́ rẹ torí pé ó tún ti bà á jẹ́, ó mọ̀ pé ìnira kan wà tí wọn kì í kọ sínú ìṣirò. Mo sọ bẹ́ẹ̀ fún ọ̀gá mi nígbà náà. Mo ṣì ń sọ ọ́.

* * *

Ó yá, kí lẹ fẹ́ ṣe báyìí tí abẹ́rẹ́ ò sí mọ́? Lẹ́yìn ìgbà àkọ́kọ́, bí ẹnì kan nínú márùn-ún ló máa ń padà sí lára. Tó bá ti wá padà lẹ́ẹ̀kan, ó tó bí ẹni méjì nínú márùn-ún tó tún máa padà sí. Màmá tiẹ̀ ti kọjá ibẹ̀, torí ẹ̀ẹ̀mejì ló ti padà sí wọn lára, kì í ṣe ibi tá a ti ń wo ojú ara wa.

Kọ́kọ́ béèrè orúkọ oògùn tí wọ́n fún wọn. Tó bá jẹ́ Flagyl ni, èyí tí a mọ̀ dáadáa nílé, kò yẹ kí wọ́n tún fún wọn lẹ́ẹ̀kẹta. Tó bá jẹ́ vancomycin, ẹnu ni kó gbà wọlé.

Ọ̀rọ̀ yìí ń fa ìjà láàárín àwa ọmọ Yorùbá nítorí a nífẹ̀ẹ́ dírípù jù. Ọmọ aláìsàn kan gbógun tì wá ní wọ́ọ̀dù pé kí ló dé tá à ń fún ìyá òun ní oògùn mímu bí ẹni pé àìsàn ìyá òun ò le, pé ká gbé dírípù wá. Mo fà á sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, mo ní: ọmọ mi, inú ìfun ni kòkòrò yìí ń gbé. Vancomycin tó bá gba ẹnu wọlé, inú ìfun ló ń dúró sí, kì í wọ ẹ̀jẹ̀. Èyí tó bá gba iṣan wọlé, ẹ̀jẹ̀ ló ń rìn kiri, kì í dé ibi tí kòkòrò wà bó ṣe yẹ. Ó wò mí títí, ó ní, "Àǹtí, ẹ ò bá ti tètè sọ ọ́ báyẹn." Òótọ́ ló sọ. A kì í ṣàlàyé tó.

Oògùn kan tún wà, fidaxomicin. Nínú ìwádìí kan lọ́dún 2011, àìsàn náà padà sára ẹni 15 nínú ọgọ́rùn-ún tó lò ó, ó sì padà sára 25 nínú ọgọ́rùn-ún tó lo vancomycin. Kì í pa kòkòrò rere tó bí vancomycin ṣe ń pa á. Ó wọ́n gan-an, ṣùgbọ́n ẹ béèrè fún un. Lọ́dọ̀ tiwa níbí, òun ni wọ́n ní ká fún ẹni tó bá padà sí lára láàárín ọ̀sẹ̀ méjìlá.

Èyí tó kù, mo mọ̀ pé ẹ máa pariwo.

* * *

Bẹ́ẹ̀ ni, ìgbẹ́ ẹlòmíràn ni.

Mo ti rí i pé ẹni mẹ́rin ti kọ "Èèwọ̀!" "Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́!" Mi ò bínú sí yín, èmi náà ṣe bẹ́ẹ̀ nígbà tí mo kọ́kọ́ gbọ́ ọ. Ṣùgbọ́n ẹ gbọ́ èyí. Lọ́dún 2013, àwọn dókítà ní Netherlands tẹ ìwádìí kan jáde: wọ́n fi okùn tó gba imú kọjá da ìgbẹ́ ẹni tára rẹ̀ le, tí wọ́n ti pò tí wọ́n sì ti sẹ́, sínú ìfun ẹni 16. Ara 13 nínú wọn yá lẹ́ẹ̀kan náà. Nínú ẹni 13 tó lo vancomycin nìkan, 4 péré ni ara wọn yá. Wọ́n dá ìwádìí náà dúró kó tó pé torí ìyàtọ̀ náà ti hàn kedere.

Lónìí, kì í ṣe dandan kó jẹ́ okùn. Láti oṣù kẹrin ọdún 2023 ni Amẹ́ríkà ti fọwọ́ sí kápúsù kan tó ń jẹ́ Vowst. Kóró kòkòrò rere ló wà nínú rẹ̀. Ara ìgbẹ́ ni wọ́n ti yọ ọ́ lóòótọ́, ṣùgbọ́n wọ́n ti fi ọtí líle fọ̀ ọ́. Kò rùn. Mẹ́rin lóòjọ́ fún ọjọ́ mẹ́ta, kí èèyàn tó jẹun láàárọ̀, lẹ́yìn tí áńtíbáyọ́tíkì bá ti parí. Nínú ìwádìí rẹ̀, láàárín ọ̀sẹ̀ mẹ́jọ, àìsàn náà padà sára ẹni 12 nínú ọgọ́rùn-ún tó lò ó, nígbà tó padà sára 40 nínú ọgọ́rùn-ún tí kò lò ó. Ẹ fi wé ti abẹ́rẹ́ áńtíbọ́dì tí mo sọ lókè. Àwọn aláìsàn ìwádìí méjèèjì ò rí bákan náà, nítorí náà ẹ má kàn yọ nọ́ńbà kan kúrò nínú èkejì. Ṣùgbọ́n mi ò rò pé ohun tó kù fún màmá kéré sí èyí tó lọ.

Ẹni tó ní kí wọ́n ṣe é fúnra wọn nílé pẹ̀lú ìgbẹ́ ọmọ ẹ̀gbọ́n: jọ̀ọ́, má ṣe é. Lọ́dún 2019, ìjọba Amẹ́ríkà kéde pé ẹnì kan kú nítorí kòkòrò tí áńtíbáyọ́tíkì ò ràn tó wà nínú ìgbẹ́ tí wọ́n fún un. Ọwọ́ àwọn onímọ̀ ni ìyẹn tilẹ̀ ti ṣẹlẹ̀.

* * *

Ní kíá: agbo jẹ̀díjẹ̀dí tí bàbá kan ní kẹ́ ẹ fún wọn, ẹ má fún wọn. Ìgbẹ́ ni agbo yẹn ń mú èèyàn yà, ẹni tí omi ara rẹ̀ ń dà lọ kọ́ la ń fi í fún. Imodium náà, ẹ má rà á fúnra yín. Ó lè há májèlé mọ́ inú ìfun. Kápúsù wàrà àkọ́fún màlúù tí wọ́n ń polówó lórí íntánẹ́ẹ̀tì pé ó kún fún áńtíbọ́dì: àwọn olùwádìí ti gbìyànjú wàrà màlúù tí wọ́n fi C. diff gún lábẹ́rẹ́, ìyẹn yàtọ̀. Màlúù ti inú kápúsù yẹn ò gba irú abẹ́rẹ́ bẹ́ẹ̀. Yógọ́ọ̀tì ò burú tí màmá bá fẹ́ràn rẹ̀, oúnjẹ ni.

Ọwọ́ ni mo fẹ́ bá yín jà lé lórí. Jẹ́ẹ̀lì ọlọ́tí tí gbogbo wa kó wọlé nígbà Kòrónà ò ràn C. diff. Kòkòrò yìí máa ń di kóró líle nígbà tó bá jáde sí ìta, kóró náà lè wà lára ilẹ̀kùn, lára ibi ìjókòó tọ́ílẹ́ẹ̀tì, fún ọ̀pọ̀ oṣù. Ọtí ò pa á. Ọṣẹ àti omi tó ń ṣàn ni kẹ́ ẹ fi fọ̀ ọ́ kúrò lọ́wọ́. Ẹ yọ òrùka àti aago kẹ́ ẹ tó fọwọ́. Tí tọ́ílẹ́ẹ̀tì bá jẹ́ méjì nílé, ẹ fi ọ̀kan sílẹ̀ fún màmá nìkan. Bílíìṣì, irú Hypo tàbí Jik tá à ń lò nílé, ife kan sí omi ife mẹ́sàn-án, ni kẹ́ ẹ fi nu ibi tí ọwọ́ ń kàn: bọ́tìnì omi, ọwọ́ ilẹ̀kùn, ẹ̀rọ omi. Ẹ jẹ́ kó wà níbẹ̀ fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá, kẹ́ ẹ ṣí fèrèsé, ẹ má pò ó mọ́ ọṣẹ tọ́ílẹ́ẹ̀tì mìíràn.

* * *

Àbúrò Houston ti padà wá. Ó ní vancomycin ni wọ́n lò ní ẹ̀ẹ̀mejì àkọ́kọ́, pé wọ́n ti wá yí i sí fidaxomicin, pé wọ́n ti fi wọ́n ránṣẹ́ sí dókítà ìfun lórí ọ̀rọ̀ kápúsù. Ó ní ẹsẹ̀ màmá máa ń wú lóòótọ́, wọ́n yẹ ọkàn wọn wò, wọ́n ní kò lágbára mọ́ bó ṣe yẹ. Ó tún béèrè pé ìgbẹ́ ti ń dì, ṣé kí àwọn lọ yẹ̀ ẹ́ wò kí ọkàn àwọn lè balẹ̀.

Àbúrò, o káre. Ṣé o rí i báyìí pé pẹ̀lú irú ọkàn yẹn, ká tiẹ̀ ní abẹ́rẹ́ náà ṣì wà, ó ṣeé ṣe kí dókítà má fẹ́ fún wọn. Sọ fún àǹtí yín.

Ẹ má lọ yẹ̀ ẹ́ wò tí ìgbẹ́ bá ti dì. Àyẹ̀wò náà lè ṣì máa mú kòkòrò fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan nínú ẹni tára rẹ̀ ti yá, wọ́n á tún kó áńtíbáyọ́tíkì tí kò yẹ fún wọn. Béèrè bóyá omeprazole tàbí oògùn ọgbẹ́ inú kankan wà nínú àpò oògùn wọn, kí dókítà sọ bóyá wọ́n ṣì nílò rẹ̀, torí ó wà lára ohun tí wọ́n máa ń bá lára àwọn tó ń ní àìsàn yìí. Tí wọ́n bá padà sí Ìbàdàn, kọ orúkọ C. diff sórí páálí kan kó o fi sínú pọ́ọ̀sì wọn. Ibà díẹ̀, kẹ́míìsì á gbé Ampiclox, tí òun náà jẹ́ áńtíbáyọ́tíkì, lé wọn lọ́wọ́ láìbéèrè nǹkan kan. Kí wọ́n fi páálí yẹn hàn án kó tó fún wọn.

Wá kàlẹ́ńdà kan kọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ tọ́ílẹ́ẹ̀tì, so báírò mọ́ ọn, bí ti àbúrò ìyá mi. Fún ọ̀sẹ̀ mẹ́jọ lẹ́yìn tí oògùn bá parí, kí wọ́n fa ìlà kan fún gbogbo ìgbẹ́ tó bá dà bí omi. Tí ìlà bá pé mẹ́ta lọ́jọ́ kan, pe dókítà lọ́jọ́ yẹn gan-an. Tí ikùn bá wú, tí ibà bá wà, tí ìgbẹ́ sì ṣàdédé dáwọ́ dúró, má dúró de dókítà, gbé wọn lọ sí ọsibítù.